Ife Tí A Kò Dà Dé

Ta ló fọ abọ́ lánàá? Mo ní ta ló fọ abọ́, tó gbé ife tánganran mi lé orí tábìlì, tó sì da ojú rẹ̀ dé? Ẹ má wo ojú ara yín. Mi ò ní lu ẹnikẹ́ni, apá tó lè luni ti kúrò lára mi. Ẹ ṣáà gbé e wá kí n fọwọ́ ara mi yí i padà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé Bàbá ti darúgbó, pé ife ẹyọ kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ pa rédíò yẹn pẹ̀lú kí ẹ tó jókòó. Láti àárọ̀ ló ti ń pariwo pé Bàbá Àwọn Tálákà ti lọ, pé Ajégúnlẹ̀ ti di ọmọ òrukàn. Ajégúnlẹ̀ wo? Ṣé èmi kì í ṣe ará Ajégúnlẹ̀ ni?

Àwọn ọkùnrin tó wọ ṣúùtù wá síbí láàárọ̀, tí ẹ fi mínírà ṣe lálejò, àwọn ọmọ olóògbé ló rán wọn. Wọ́n ní èmi nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó bá bàbá wọn dàgbà, pé kí n wá síbi ìsìnkú, kí n dìde láàárín àwọn ènìyàn ńlá, kí n sọ bó ṣe fẹ́ràn wa tó. Mo ní kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì lọ́la. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ èsì náà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ife tí ẹ ń dà dé yìí.

Ibi tí tírélà ń tò sí lónìí láàárín wa àti Àpápá, tí ènìyàn kò lè gbà kọjá láìmu èéfín, etí omi ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ilé pákó ni ilé wa, páànù ló wà lórí rẹ̀, iyanrìn funfun ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má rò pé mò ń yin òṣì. Òjò ń rọ̀ wọlé, ẹ̀fọn ń jẹ wá, àwọn ọmọ mìíràn sì kú nítorí ibà. Ṣùgbọ́n ènìyàn mọ ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ń gbé lápá òsì. Lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé alájà, ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí yín?

Fèrè ọkọ̀ òkun ní wáàfù ló ń jí wa láàárọ̀. Kò tíì dákẹ́ tí ẹ ó ti máa gbọ́ àwọn màlúù tí àwọn Hausa ń dà gba Málù Road, wọ́n á máa ké bíi pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà ni Pa Timi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọkọ̀. Ará Ìjọ̀ ni Pa Timi, onírungbọ̀n, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbẹ́ tà fún àwọn apẹja. Kò, kò, kò, bẹ́ẹ̀ ni àáké kékeré rẹ̀ á máa dún títí oòrùn á fi mú. Tó bá di oṣù ààwẹ̀, àwa ọmọdé á fi agolo mílíìkì ṣe ìlù, a ó máa jí àwọn ènìyàn sí sààrì, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á sì tẹ̀lé wa nítorí ariwo náà dùn mọ́ wọn. Ẹran Iléyá tiwa dé ọ̀dọ̀ Pa Timi kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí wa mìíràn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì kan, ìyàwó rẹ̀ ń gbé ìrẹsì bọ̀ wá fún wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí pákó tí a tẹ́ sórí ẹrẹ̀, ìrẹsì dà sómi. Kàkà kí ìyá mi bínú, ó ní àwọn ẹja náà ń ṣọdún.

Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Omi mímu jìnnà. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tí àwọn obìnrin á ti gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ ìjọba, wọ́n á tò, wọ́n á jà, wọ́n á sì tún rù ú rìn wálé. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi omi dídùn ṣeré. Ẹni tó bá fún ọ lómi mu, iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ ló fún ọ yẹn. Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà láàárín àwọn ilé wa, ìyá mi ri àmù kan mọ́ iyanrìn. Òun ló ń pọn omi sí i. Ife tánganran funfun tí etí rẹ̀ búlúù ló wà lórí ìdérí àmù náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun lẹ̀ ń wò yẹn.

Abẹ́ fúrúùtù yẹn ni kóòtù wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹni méjì bá jà, wọn kì í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà á jókòó, Yorùbá, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà ní Yorùbá àti ní píjìnnì. Tí wọ́n bá ti dá a, ìyá mi á bu omi. Ẹni tó jẹ̀bi á kọ́kọ́ mu, á bu ìyókù fún ẹni tó jàre, ìyẹn á mu ún tán, á sì da ojú ife dé sórí àmù. Ó parí nìyẹn. Láti ìgbà tí ife bá ti dojú dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ayé, ìbáà jẹ́ nínú ìbínú, ìbáà jẹ́ nínú àwàdà. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ife padà fún ẹjọ́ tuntun.

Ẹ wo ti ọkọ̀ Pa Timi. Awakọ̀ akẹ́rù kan wà ládùúgbò wa, ará Ìsẹ́yìn, ẹrù wáàfù ló ń kó. Ó fẹ́ yí lọ́rí padà lọ́jọ́ kan, ó sì fi ẹ̀yìn tẹ ọkọ̀ tuntun tí Pa Timi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ parí. Pa Timi yọ àáké sí i. A dì wọ́n mú, a gbé wọn dé abẹ́ fúrúùtù, wọ́n mu omi, wọ́n da ife dé. Nígbà tó pẹ́, ìyàwó Pa Timi bá ìyàwó awakọ̀ jà nítorí okùn aṣọ, ó sì ní, ìwọ tí ọkọ rẹ fọ́ ọkọ̀ ọkọ mi. Pa Timi fúnra rẹ̀ ló fà á lọ sábẹ́ igi. Ìyàwó náà ló gbá ibẹ̀ fún odidi oṣù kan, ojú sì tì í ju ìyà lọ.

Ọmọ awakọ̀ yẹn ni Àlàmú. Àlàmú yẹn náà ni rédíò ń pariwo rẹ̀. Ìyàwó tí mo sọ yẹn kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ìyá tó bí i kú sórí ìkúnlẹ̀, èmi náà ṣì wà lọ́mú nígbà yẹn, ìyá mi bá gbé e. Ọmú kan náà la jọ mu. Ẹní kan náà la jọ sùn sí. Bí àwa yòókù bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Àlàmú á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà lábẹ́ igi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún ẹjọ́ náà rò fún wa, á ṣe bí olùpẹ̀jọ́, á ṣe bí ẹni tó jẹ̀bi, á gbọn irùngbọ̀n Pa Timi tí kò ní. A ó rẹ́rìn-ín títí. Bàbá rẹ̀ ní lọ́yà ni yóò dà, gbogbo wa sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kété tí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan ló rán an lọ. Gbogbo etí omi ló rán an. Kálukú mú ohun tó ní wá. Ìyá mi yan gàrí, ó sì yan ẹja. Pa Timi kó pákó ọkọ̀ tí lọ́rí fọ́ yẹn, tó ti gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí, ó fi kan àpótí fún un. Ẹ ronú sí i. Pákó ọkọ̀ tí bàbá ọmọ náà fọ́ ló fi kan àpótí fún ọmọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀, nítorí ife ti dojú dé. Èmi fúnra mi ni mo ru àpótí náà dé wáàfù. Ọkọ̀ òkun fọn fèrè, àwa tó wà nílẹ̀ ń sunkún, Àlàmú ń juwọ́ sí wa.

Ó sì padà dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí mo tilẹ̀ ń bínú: lọ́yà gidi ni. Ó kọ́kọ́ gbé irun funfun tí wọ́n fi ń wọ kóòtù wá hàn wá lábẹ́ fúrúùtù. Ìyá mi fọwọ́ kàn án, ó bi í bóyá irun àgùntàn làwọn òyìnbó fi ń dájọ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ́fíìsì kékeré lórí Liverpool Road, ó gbé àpótí Pa Timi síbẹ̀, àwọn tó wá rí i ń jókòó lé e. Èmi ti di òṣìṣẹ́ wáàfù nígbà náà. Bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ wa lọ sí Kirikiri láìṣẹ̀, Àlàmú á lọ, á sì mú wọn bọ̀. Bí àpótí ẹrù bá já lu alágbàṣe lẹ́sẹ̀, tí àwọn ọ̀gá ní àìfiyèsí rẹ̀ ni, Àlàmú á gbé wọn lọ sí kóòtù. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Tí a bá fún un lẹ́ja, á gbà á. A kì í pè é ní Àlàmú mọ́, Lọ́yà là ń pè é, a sì máa ń pariwo orúkọ náà kí àwọn aládùúgbò mìíràn lè gbọ́.

Nígbà tí ogun parí, owó epo dé, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wá sí Èkó. Ọkọ̀ òkun pọ̀ lójú omi débi pé lálẹ́, iná wọn dà bí ìlú mìíràn. Sìmẹ́ńtì ń dì sínú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró. Ilé iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ń wá ilẹ̀ tí yóò kọ́ ilé ìkẹ́rùsí lé, ojú wọn sì bọ́ sí etí omi wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ilé wa. Wọ́n ní a kò ní ilẹ̀ níbẹ̀, a kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ibòmíràn tí a ní. Tí wọ́n bá gba ibẹ̀, a ti pàdánù ilé, a ti pàdánù iṣẹ́, Pa Timi kò sì ní rí ibi gbẹ́ ọkọ̀ mọ́.

Lọ́yà gbé ẹjọ́ náà. Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ tó rò ó. Ó ní ẹni tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́ iyanrìn kan, ẹni náà kì í ṣe àlejò níbẹ̀ mọ́. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pákó kan níbẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: níwọ̀n ìgbà tí ẹjọ́ náà bá ṣì wà ní kóòtù, a wà láìléwu. A gbé Àlàmú lé èjìká láti kóòtù dé mọ́tò.

Ẹjọ́ náà kò tíì parí tí wọ́n fi sọ ọ́ di kọmíṣánnà. Àwọn ológun ló wà lórí oyè, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú àwọn ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀ kún ara wọn. Inú wa dùn. Ọmọ wa ti wọ ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ìyá mi gbààwẹ̀ ọpẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mọ́tò ńlá dúdú dé sétí omi wa, Kọmíṣánnà sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì wá jókòó sábẹ́ fúrúùtù bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan ló gbé òun wá. Òun ti wà nínú ìjọba báyìí, kò dára kí àwọn ènìyàn òun ṣì máa pe ẹjọ́ lórí ilẹ̀, àwọn ọ̀tá yóò fi bá òun jà. Kí a lọ fa ẹjọ́ náà yọ. Òun tí òun wà nínú ilé ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà níta. Ó fi Ọlọ́run búra, ó fi ìyá tó bí i búra, pé kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan wá.

 Pa Timi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò fi ìjà sọ ọ́. Ó ní, "My pikin, we hear you. Put am for paper, make all of us sleep."

Ìyá mi bínú. N kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi Pa Timi pé irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, ta ló ń gba bébà lọ́wọ́ ọmọ tó fún lọ́mú. Ó ní tí omi ibí yìí bá tó fún òun àti Pa Timi láti ọjọ́ yìí wá, á tó fún Àlàmú. Pa Timi wo ilẹ̀. Ó ní ó dáa. Ìyá mi bu omi, Kọmíṣánnà mu, ó gbé ìyókù fún Pa Timi, Pa Timi mu ún tán, ó sì da ife dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn àgbà lọ fa ẹjọ́ yọ.

Ẹ wò ó, kì í ṣe pé a gọ̀. Àwọn tó ń sọ pé a gọ̀ kò mọ ibi tí a ti wá. Gbogbo ẹjọ́ tí a ti dá lábẹ́ igi yẹn, omi yẹn kò já wa kulẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó mọ agbára omi yẹn ju Àlàmú lọ, nítorí ìdí rẹ̀ ló jókòó sí dàgbà. Ó mọ̀ pé a kò ní béèrè ohun mìíràn tí òun bá ti mu ún. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Àlejò ìbá jà wá lólè, à bá pè é lólè. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tiwa yàtọ̀. Èyí tí a kọ́ ló tà á.

Kátapílà ilé iṣẹ́ náà dé nígbà òjò. Ọ̀pọ̀ wa wà níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo fi sáré dé láti wáàfù, wọ́n ti wó apá kan, ìyá mi sì dúró nínú ẹrẹ̀, ó gbá ìkòkò ọbẹ̀ mọ́yà. Ọkọ̀ tí Pa Timi ń gbẹ́ lọ́wọ́ wà lábẹ́ irin. Wọ́n gé fúrúùtù náà. Àwọn ọlọ́pàá tò, wọ́n ní kí a má bínú, iṣẹ́ ni.

A lọ sílé Àlàmú ní Àpápá, níbi tí àwọn òyìnbó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní ó ti rìnrìn àjò. A lọ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì wà lájò. Ọjọ́ tí a rí i, ó ń jáde nínú mọ́tò pẹ̀lú òyìnbó kan, ìyá mi sì kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọmọ tó fún lọ́mú. Àlàmú sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá bojú wolẹ̀ wò ó.

Ó ní, "Ìyá, kí lẹ ní lọ́wọ́? Ṣé mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ni?"

Èmi fẹ́ fọ́ ọ lẹ́nu. Ìyá mi ló di aṣọ mi mú. Ó fà mí títí a fi dé ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀. Ó tú àwókù, ó rí àmù tó ti fọ́, ó sì rí ife náà nínú ẹrẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, irin ló gé e. Ó dojú dé síbẹ̀, bí ọjọ́ tí Pa Timi dà á dé. Ìyá mi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi òjò, ó sì yí ojú rẹ̀ sókè níṣojú gbogbo wa. A kò rí ìyẹn rí. Ṣíṣí tó máa ń ṣí i láàárọ̀ fún ẹjọ́ tuntun yàtọ̀. Ẹjọ́ tí a ti parí ló tún ṣí yìí, ìyẹn ni pé a ti lè sọ ọ́.

Pa Timi kó lọ sí ẹ̀yìn Kirikiri, níbi omi tí kò mọ̀. Kò gbẹ́ ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, èmi àti ìyá mi lọ kí i. Ìyá mi sọ fún un pé ife ti ṣí, kó sọ ọ̀rọ̀ bébà yẹn sí òun lójú, kó bú òun kí òun lè simi. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní, "Mama, wetin I go talk?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè àwọn ọmọ. Kò dárúkọ bébà títí ó fi kú. Ìyá mi sunkún ní gbogbo ọ̀nà bọ̀, ó ní ìbá sàn kó na òun.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n ní kí a máa wa mọ́tò ní apá ọ̀tún, tí wọ́n sì yí ṣílè padà sí náírà. Gbogbo nǹkan ń yí. A gba yàrá kan ní inú Ajégúnlẹ̀, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè. Ìyá mi ra àmù mìíràn, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife náà lé ìdérí rẹ̀, ojú rẹ̀ sókè. Àwọn ará etí omi tó fọ́n káàkiri mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì kí i.

Ìgbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú tún bẹ̀rẹ̀. Àlàmú ti joyè nílùú bàbá rẹ̀, Olóyè ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó fẹ́ ṣojú wa, ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ àdúgbò wa, àwọn ayàwòrán ṣáájú, Olóyè ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú léèsì funfun. Gbogbo àwọn àgbà etí omi tó ṣẹ́kù ló ti kóra jọ, torí wọ́n gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń bọ̀.

Ó rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú léèsì yẹn. Àwọn èrò hó yè. Àwọn ayàwòrán ń yà á. Ìyá mi ní kó dìde. Ó dìde, ó fi ojú wá àmù náà, ó rí ife, mo sì rí i pé ó mọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi wà lókè.

Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ó ní, "Ìyá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ bu omi fún ọmọ yín."

Àwọn ọmọdé àdúgbò ń hó. Àwa ará etí omi ń wo ife náà. Olóyè kò tọrọ àforíjì, kò dárúkọ Pa Timi, kò dárúkọ ilé ẹnikẹ́ni. Omi ló béèrè. Tó bá ti mu ún, tó sì da ife dé lójú gbogbo ènìyàn, ó parí nìyẹn. Kò ní sí ẹni tó lẹ́nu láti sọ ọ́ mọ́ nínú wa, nítorí àwa kì í tún ẹjọ́ tí ife ti dé sọ. Òfin tiwa ló tún mú wá láti fi dì wá lẹ́nu. Lọ́yà ni, mo ti sọ fún yín.

Ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í fi omi du ènìyàn. Ọ̀tá tó bá wọlé rẹ, wàá bu omi fún un kí ẹ tó jà. Gbogbo ojú wà lára ìyá mi. Ó gbé ife náà. Ó bu omi kún un. Ó dìde dúró, òun tí ẹsẹ̀ ń dùn, Olóyè sì na ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìyá mi gbé e sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì mu ún. Kò yára. Nígbà tó mu ún tán, ó gbé ife padà sórí àmù, ojú rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Omi wà, Àlàmú. Àmù kún. Ìwọ kọ́ ni mo pọn ọ́n fún."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní Àlàmú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínà. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e sáré gbé ìgò mínírà wá, kò gbà á. Ó wọ mọ́tò. Ẹrẹ̀ wà níwájú léèsì rẹ̀ láti àyà dé orúnkún.

Ó wọlé ìbò náà, kí ẹ má baà rò pé àlọ́ lásán ni mò ń pa. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n pọ̀ ju àwa lọ. Ó di ẹni ńlá, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì, ó ń pín ìrẹsì lọ́dọọdún. Ní ti ìyá mi, nígbà tó ń lọ, kò ní ilẹ̀ tí yóò fi ṣe ogún fún mi, ife yìí ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á dé.

Ẹ̀yin náà ń já omi inú ọ̀rá mu báyìí, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ẹ ń ju ọ̀rá sí gọ́tà. Bí ẹ bá jà, ẹ̀yin kò ní nǹkan tí ẹ lè jọ mu. Ó ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n n kò dá yín lẹ́bi. Ẹni tó gba abẹ́ igi lọ́wọ́ yín ni wọ́n ń pè ní bàbá yín lórí rédíò.

Tí àwọn tó wọ ṣúùtù bá dé lọ́la, ẹ má ṣe wọ́n níkà. Àwọn ọmọ Àlàmú kò sí lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Ẹ bu omi fún wọn mu, ife pọ̀ nínú ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ pè mí. Mo máa sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú, màá sì sọ̀rọ̀, gbogbo èyí tí mo sọ fún yín yìí ni màá sọ, láti orí ọmú dé orí léèsì. Tí wọn kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kò sí òfin tó dì mí lẹ́nu. Àlàmú kò mu omi náà.

Gbé e síbẹ̀. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ sókè.